RAM yege nínú MemTest86, síbẹ̀ géèmù ń pa kọ̀ǹpútà: ṣé ooru ni?

Bísí_PC
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. DDR5 ni RAM mi (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), ẹyọ méjì, 16 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, XMP rẹ̀ (ètò tó ń mú RAM yára ju ìwọ̀n àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ) wà ní ìyára 6000 lórí 1.35 V. MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, yí i ká lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n bí géèmù tó wúwo bá ti lọ tó 40 ìṣẹ́jú, ojú aláwọ̀ búlúù á yọ pẹ̀lú MEMORY_MANAGEMENT. HWiNFO, ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, ń fi 63 °C hàn lórí ẹyọ kan, 58 lórí èkejì. Ṣé ooru ni, àbí RAM ti bàjẹ́?

Ilẹ̀kùnBIOS
Ẹ má tíì ra òmíràn. Bí MemTest86 bá ń ṣiṣẹ́ láti orí fìláàṣì, káàdì àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ gidi kankan, inú àpótí á sì tutù. Géèmù ló ń mú kí káàdì náà máa tú ooru lu RAM.

Iná díẹ̀ tí a tọ́jú pamọ́ ni bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú RAM, ó sì máa ń jò bí omi inú agbè tó lu. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni jíjò náà ṣe ń yá tó. Nítorí èyí ni DDR5 ṣe gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ dọ̀tun láàárín 32 ms, pẹ̀lú àṣẹ kan ní gbogbo 3.9 µs. Ní 6000, èyí jẹ́ 11,700 lórí tREFI, ìyẹn iye ìgbà tí aago RAM ń lù láàárín àṣẹ kan sí èkejì. Àwọn kan máa ń gbé tREFI lọ sí 65535 kí RAM lè yára, ìyẹn sì ju ìlọ́po márùn-ún lọ! RAM tó tutù lè fara dà á, èyí tó wà ní 63 °C lè máà lè ṣe é. Ẹ wọ inú BIOS (ojú ètò tó ń ṣí kí Windows tó dé), ẹ wò ó, kí ẹ dá a padà sí Auto. Bó bá ti wà ní Auto tẹ́lẹ̀, 63 nìkan kò tó ká dá ooru lẹ́bi, torí 85 °C ni ààlà ooru tí ìlànà fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n 3.9 µs yìí.

Bí ẹ bá yí nǹkan padà, ojú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ bí yóò ṣe bá RAM ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ má yọ wáyà iná o.

AdánRAMwò
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ẹ kọ́kọ́ pa XMP, kí RAM padà sí 4800 lórí 1.1 V, kí ẹ ta géèmù kan náà fún wákàtí méjì. Bí àṣìṣe bá ṣì yọ, ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ fi èkejì sí A2, ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ CPU, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Bí wàhálà bá tẹ̀ lé ẹyọ kan, ẹyọ náà ló bàjẹ́. Bó bá dúró sí ihò, ẹ wo ihò náà tàbí ìjókòó CPU.

Bí 4800 bá dára, ẹ dá XMP padà, ẹ ṣe TestMem5 (tó ń dán RAM wò) àti FurMark (tó ń mú káàdì àwòrán gbóná) pọ̀, kí HWiNFO máa kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ wo ìṣẹ́jú tí àṣìṣe yọ. Bó bá yọ nígbà tí RAM ṣì tutù, timing (ìṣètò àkókò RAM) tàbí fólítéèjì ni. Bó bá dúró dìgbà tí ooru gòkè, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ kọjú fáànù sí RAM tààrà, kí ẹ tún un ṣe. Bí àṣìṣe bá lọ, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àṣìṣe kan ṣoṣo pàápàá ti pọ̀ jù o! Ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, RAM tó ń ṣìṣe máa ń kọ ìkọkúkọ sórí díísìkì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. ECC (ohun tó ń tún àṣìṣe ṣe) tó wà nínú ṣíìpù DDR5 kò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, kò ṣọ́ ọ̀nà tó wà láàárín RAM àti CPU.

Bísí_PC
Ẹ ṣeun gan-an. 65535 ni mo bá níbẹ̀. Pẹ̀lú fáànù, ó wà ní 49 °C, kò sí àṣìṣe. Ṣé kí n fi tREFI sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀kùnBIOS
Rárá. Bí fáànù bá kú tàbí tí yàrá bá móoru, ẹ ó padà síbi tí ẹ ti wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Auto, kí ẹ dán an wò láìsí fáànù. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé e sókè, ẹ lọ sí 20,000, kí ẹ tún un dán wò.