Orin fún aláìsàn schizophrenia tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí sìgá

Àǹtí Ṣómólú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin tó ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá. Clozapine, oògùn àìsàn náà, ló ń lò. Wọ́n ní orin lè bá a borí ìfàsí yẹn. Irú orin wo, fún ìṣẹ́jú mélòó? Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ládùúgbò wa.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó jáwọ́. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè da clozapine nù. Bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, oògùn náà á pọ̀ sí i lẹ́jẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan: oorun àsùnjù, itọ́ tó ń dà, gìrì pàápàá. Olanzapine, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù nicotine (èròjà sìgá tó ń di bárakú) kò lè dí ipò èéfín níbẹ̀ o, torí nicotine kọ́ ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè da oògùn nù, èéfín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín dín oògùn kù.

Onílù Sùúrùlérè:
Ìfàsí kan kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó rọlẹ̀. Orin ìṣẹ́jú 15 tó. Kó yàn án fúnra rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí fóònù pátápátá, torí dátà lè tán nígbà tí ọkàn ń fà gan-an. Kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kó tó dé ìsọ̀ àbòkí tó ń ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, kó máa fìka lu itan tẹ̀ lé ìlù. Orin tó fi ń fa sìgá tẹ́lẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ìyẹn ló máa rán an létí.

Ẹ ṣọ́ra fún fújì olówe. Ẹni tó bá ń rò pé wọ́n ń bá òun wí lè gbà pé òun ni olórin ń bú. Ìlù lásán tàbí saxophone ló dáa jù. Ní ti jẹnẹrétọ̀, íapíìsì tó dí etí dáadáa ni kẹ́ ẹ rà, kó má baà gbé ohùn sókè ju 60 nínú 100 lọ.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ fi kún un pé orin máa ń bo ohùn tí àwọn kan ń gbọ́, ó sì ń ru ti àwọn mìíràn sókè. Ẹ máa bi í. Ẹni tí íapíìsì méjèèjì bá ń dà láàmú, kó fi ẹyọ kan sétí. Bó bá ní orin ń bá òun sọ̀rọ̀, ẹ pa orin náà, kẹ́ ẹ pe ilé ìwòsàn.

Orin nìkan kò tó fún ẹni tó ń fa púpọ̀. Ẹ bi dókítà nípa pílásítà nicotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó ń fa ju 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti miligíráàmù 21.