Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá Serena Williams yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí tẹ́nìsì?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà

Mo kí gbogbo ilé o. Òṣogbo ni mò ń gbé, ọmọbìnrin ni àwọn ìbejì mi, wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún 11. Láti bí ọdún méjì ni wọ́n ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ àdúgbò lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá tẹ́nìsì nírọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá àwọn àgbà ṣà, kí ẹnìkan tó fún wọn ní ògbólógbòó rákẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Kẹ́hìndé mọ̀ ọ́n gbá débi pé àwọn ọmọkùnrin tó jù ú lọ kì í fẹ́ bá a gbá mọ́. Táyé ní tirẹ̀ ń gbá a nítorí pé èkejì rẹ̀ ń gbá a ni.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Èkó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, ó wo àwọn ọmọ náà, ó sì ní bí wọ́n bá ti parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Kẹ́hìndé má lọ sí girama, kó gbájú mọ́ tẹ́nìsì nìkan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá Serena Williams ṣe tó fi sọ ọmọ rẹ̀ di ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún. Ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ ọkọ mi létí. Èmi kò mọ̀ ju pé mo máa ń rí obìnrin náà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an, kí ẹ má sì fi èyí tó korò níbẹ̀ pamọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá, Alékúwodò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́nìsì nílùú yìí, kò sì sí ọdún kan tí òbí kan kì í gbé ìtàn yìí wá bá mi, àmọ́ òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Ìdíje ni Richard Williams yọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Saginaw ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti bí Serena lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ṣùgbọ́n Compton ní California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Venus ní tẹ́nìsì, lórí kọ́ọ̀tù ìgboro. Bàbá wọn kì í ṣe eléré. Inú ìwé àti fídíò ló ti kọ́ ohun tó fi kọ́ wọn. Ní 1991 wọ́n kó lọ sí Florida, sọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Rick Macci, ìgbà náà ni bàbá dá ìdíje àwọn ọmọdé dúró fún wọn, tó ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n ráyè kàwé, nítorí pé ó sì tún ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn òbí kan ń sọ sí wọn létí kọ́ọ̀tù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá a, wọn kò kàn bá ẹnikẹ́ni díje ni. Ọ̀pọ̀ àgbà inú eré náà ló sọ nígbà yẹn pé bàbá yìí ń ba àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni Serena gbá ìdíje olówó àkọ́kọ́, ní Quebec ní orílẹ̀-èdè Kánádà, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Annie Miller nà án 6-1, 6-1, dọ́là 240 ló sì gbà lọ sílé. Ní gbogbo ọdún 1996, kò gbá ìdíje olówó kankan mọ́. Ìgbà tó padà yọjú dáadáa ní Chicago ní 1997, ipò 304 ló wà lágbàáyé, ó sì na Mary Pierce àti Monica Seles níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó na Martina Hingis nínú àṣekágbá US Open.

Òfin tún wà tí àbúrò ọkọ yín kò gbọ́. Àjọ WTA tó ń darí tẹ́nìsì àwọn obìnrin kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 gbá ìdíje olówó rárá, bó bá sì pé 14, ìdíje tó lè gbá lọ́dún ní iye. Ohun tó fa òfin náà ni ìrírí àwọn ọmọ bíi Jennifer Capriati, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1990 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, tí eré náà sì sú u kó tó pé ogún ọdún. Bí ẹ bá yọ Kẹ́hìndé nílé ẹ̀kọ́ lónìí, ibo ni ẹ fẹ́ mú un lọ fún ọdún mẹ́ta?

Ní ti Táyé, Venus ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń wò, òun ló kọ́kọ́ dé àṣekágbá US Open ní 1997, nígbà tí Serena ṣì jẹ́ àbúrò tó ń tẹ̀lé e kiri. Láti 2002 sí oṣù Kìíní 2003, àwọn méjèèjì pàdé nínú àṣekágbá Grand Slam mẹ́rin tó tẹ̀ léra (Grand Slam ni wọ́n ń pe ìdíje tẹ́nìsì mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé: Australian Open, French Open, Wimbledon àti US Open), Serena ló sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má tíì pín àwọn ọmọ yẹn sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Èyí tó kan iṣẹ́ mi ni n ó sọ. Ní 2010, kò pẹ́ tí Serena gba Wimbledon tó fi tẹ afọ́kù ìgò nílé oúnjẹ kan ní Munich ní Jámánì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2011, ẹ̀jẹ̀ tó dì ti lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi mọ ohun tó ń ṣe é nígbà tó bí Olympia, àkọ́bí rẹ̀, lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. (Oyún ọmọ yìí ti wà nínú rẹ̀ nígbà tó na Venus gba Australian Open lóṣù Kìíní ọdún náà, ẹ̀yin tí ẹ ti lóyún rí, ẹ ro oyún ìbẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn Melbourne wò.) Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Lọ́jọ́ kejì, èémí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró òun, kí wọ́n sì fún òun ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì náà rò pé oògùn ìrora ló ń gùn ún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wá wo ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ikọ́ ti tú ojú abẹ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló sì fi wà lórí ibùsùn. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn aboyún tó ń wá sọ́dọ̀ wa, kí wọ́n má bàa tijú láti tún ọ̀rọ̀ ara wọn sọ fún wa bí a kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ipò kìíní ló wà nígbà tó lọ bímọ. Nígbà tó padà sí French Open ní 2018, wọ́n ti tì í kọjá ipò 450, àfi ìgbà tí ariwo pọ̀ ni àjọ WTA tún òfin ṣe fún àwọn abiyamọ. Ó tún dé àṣekágbá Grand Slam mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, kò sì gba ọ̀kankan. Nígbà tó ń múra àtifẹ̀yìntì ní 2022, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Vogue pé ká ní ọkùnrin ni òun, òun kò ní máa kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìyàwó òun ni ì bá máa bímọ, tí òun ì bá sì máa gbá tẹ́nìsì òun lọ. Ẹni tó bí ọmọbìnrin méjì gbọ́dọ̀ ro ìyẹn mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Ọmọ Aláró, Ọjà Ọba

Ẹ kò tíì dárúkọ Yétúndé. Ìyá Serena ti bí ọmọbìnrin mẹ́ta kó tó fẹ́ Richard, Yetunde Price sì ni àkọ́bí gbogbo wọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun-lóge, ó sì ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ mójú tó iṣẹ́ wọn. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Compton, ní ọmọ ọdún 31, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀.

Èmi kì í wo iye ife-ẹ̀yẹ nínú ìtàn yìí tó bí mo ṣe ń wo ohun tó tẹ̀ lé ikú náà. Nígbà tó fi máa di 2006, Serena ti jábọ́ kúrò lára 100 àkọ́kọ́ lágbàáyé. Lóṣù Kìíní 2007, ó wá sí Australian Open ní ipò 81, tí àwọn oníròyìn ń sọ pé ó ti sanra jù, ó na Maria Sharapova 6-1, 6-2 nínú àṣekágbá, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun ni òun gba ife náà fún. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, Johanna Konta nà án 6-1, 6-0, kò sì tíì sí ìgbà tí wọ́n nà án bẹ́ẹ̀ rí; lẹ́yìn náà ló sọ pé kó tó wọ kọ́ọ̀tù ni òun rí i pé wọ́n ti dá apànìyàn náà sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá nígbà yẹn.

Owó tó gbà lórí kọ́ọ̀tù lé ní mílíọ̀nù 94 dọ́là, mo mọ̀ pé òun ni àbúrò ọkọ yín ń rí. Ẹ ní kó tún wo Ons Jabeur ọmọ Tunisia, tó jẹ́ ará Áfíríkà bíi tiwa. Láti ọmọ ọdún 12 ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Tunis tó ń pa ìwé àti eré ìdárayá pọ̀. Ó gba French Open àwọn ọ̀dọ́ ní 2011, ọdún 2021 ló sì tó gba ife WTA àkọ́kọ́, ní Birmingham. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń pè é ní ọmọ tó máa ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́ ọmọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, ó dákẹ́ títí mo fi dé ibi dọ́là 240, ó wá ní òun fúnra òun ni òun máa bá àbúrò òun sọ̀rọ̀. Táyé bèèrè bóyá àwọn ọmọ Yetunde ń gbá tẹ́nìsì. Kẹ́hìndé kò bèèrè nǹkan kan, ó ti gbé rákẹ́ẹ̀tì.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọjọ́ wo ni ẹ máa ń wà lórí kọ́ọ̀tù lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́? Àwọn méjèèjì ni mò ń mú bọ̀.