Ẹ gbà mí o, olórin ò san balánsì mi
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Adó-Èkìtì ni mo wà, fídíò orin ni mò ń yà. Lóṣù tó kọjá a lọ ṣuùtù n'Íkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, mo ní kí ọmọ olórin yẹn ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná kó ti ìkejì bọ tútù, ó dùn-ún wò gan-an! Ìdajì owó ló san, mo parí ẹ̀ mo fi ránṣẹ́ (ìwà òmùgọ̀, mo mọ̀), ó ti gbé e sí YouTube, kò sórúkọ mi níbẹ̀, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Ṣé kí n máa gba owó mi pé kí n tó yọ wọ́támáàkì (àmì tí wọ́n ń fi sójú fídíò kí wọ́n má bàa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́) ni, àbí àwọn kọ́sítọ́mà á sá? Màámi ti ní kí n lọ wáṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?