Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn síso kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, ni mò ń ṣe kí àìsàn tó dá mi dúró, wọ́n sì ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Ara ti yá, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, àmọ́ gbogbo ibi tí mo bá kọ̀wé sí báyìí, ìmọ̀ cloud, ìyẹn lílo kọ̀ǹpútà àti ibi ìpamọ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń bèèrè. 3MTT, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ń kọ́ èèyàn ní cloud lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú sanwó ṣe CCNA, ìdánwò ìwé ẹ̀rí nẹ́tíwọ̀kì ti ilé-iṣẹ́ Cisco, ọdún 3 ni ìwé ẹ̀rí yẹn sì fi ń ṣiṣẹ́ kéèyàn tó tún un ṣe, owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé àkókò àìsàn yẹn nínú CV mi?