Omi ń pá ìyá wa lórí: kí la lè ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀fà la wà. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá wa ni omi lásán ti ń pá wọn lórí. Bí wọ́n bá gbé ife sẹ́nu báyìí, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, omijé á bọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ mímu tó ki dáadáa ń lọ wọ́ọ́rọ́! À ń gbé wọn jókòó ṣánṣán jẹun, a kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè dùbúlẹ̀. Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ? Àbúrò mi ti ń lọ̀ ọ́ ná, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí lẹ fi ń mú omi ki fún àgbà? Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀nà ọ̀fun wò n'Ílọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.