Ẹ̀rọ abẹ̀mí ni, kì í ṣe ẹ̀dá àtọwọ́dá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ní ká máa pe róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ẹran ara ṣe ní "ẹ̀dá àtọwọ́dá". Àbúrò wa kan ní Zaria ní "ẹ̀rọ abẹ̀mí" ló tọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ti àbúrò ni mo fara mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní 2020 ni Josh Bongard àti Sam Kriegman ní Yunifásítì Vermont, pẹ̀lú Michael Levin àti Douglas Blackiston ní Yunifásítì Tufts, gbé xenobot, ọ̀kan nínú irú róbọ́ọ̀tì ẹran ara bẹ́ẹ̀, jáde ní Amẹ́ríkà. Inú ọlẹ̀ àkèré kan tí wọ́n ń pè ní Xenopus laevis ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara. Kọ̀ǹpútà ló ṣa oríṣi ìrísí tó lè rìn. Blackiston wá jókòó ti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó mú ẹ̀mú tín-ín-rín àti wáyà gbígbóná, ó ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ìrísí yẹn mu. Odindi rẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Sẹ́ẹ̀lì awọ ló dì í mú, sẹ́ẹ̀lì ọkàn ń lù kìkì, ibẹ̀ ló ti ń rí agbára rìn.

Ta ló wá dá kí ni níbẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì àkèré ni, ó ti wà láàyè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá gé e, ojú ọgbẹ́ á pa dé fúnra rẹ̀. Wọn kì í fún un lóúnjẹ. Èyí tó bá a wá látinú ẹyin ló ń jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á kú. Ẹ̀mí ti wà nílẹ̀, àwọn onímọ̀ yìí kàn tún ilé rẹ̀ tò ni. Bí a bá wá fi "ẹ̀dá" àti "dá" pọ̀ fún irú èyí, iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá la ń kọ sí wọn lọ́rùn, àwọn fúnra wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní inú "rọ" ni "ẹ̀rọ" ti wá, irin sì là ń rọ, nítorí náà "ẹ̀rọ" kò bá a mu. Lóòótọ́, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọkọ́ àti àdá. Àmọ́ nígbà tí òǹkọ̀wé Karel Čapek mú ọ̀rọ̀ náà "róbọ́ọ̀tì" wọ inú eré orí ìtàgé ní 1920, ohun tó jọ ẹran ara ló ní wọ́n fi ṣe tirẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni irin gba ojú wa.

Àwọn Hausa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, Abuja, ń pe róbọ́ọ̀tì ní mutum-mutumi, ìyẹn ohun tó jọ ènìyàn. Ẹnì kan ní ká fi "ọmọlangidi" ṣe tiwa. Rárá o, xenobot kò jọ ènìyàn níbi kankan.

Èyí tó ṣì ń rú mi lójú ni ẹja pẹlẹbẹ tí Kit Parker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Harvard ní 2016: egungun wúrà, ara rọ́bà, sẹ́ẹ̀lì ọkàn eku, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀. Mo ní ká pè é ní "ẹ̀rọ abẹ̀mí àdàpọ̀". Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?