Ìwé bíìlì Màámi, £3 lóṣù

Àbíkẹ́yìn (London)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí ó pẹ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kan ẹlòmíì.

Màámi ti lé ní 80 ọdún. Láti 1988 ni wọ́n ti wà ní London, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń tún ilẹ̀ ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi gbàgàdà, ẹ̀gbẹ́ àga wọn ló wà, òun ni wọ́n fi ń pe àwọn àbúrò wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí bíìlì bá ti dé lóṣooṣù, wọ́n á mú owó lọ san án ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Agolo bisikíìtì ni wọ́n ń kó àwọn bíìlì náà sí, ti ọdún kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà tirẹ̀ tí wọ́n fi dè é.

Lọ́jọ́ kan ní 2019 mo tú agolo yẹn. Lẹ́yìn owó wáyà àti owó ìpè, mo rí owó méjì nísàlẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ: £3 nítorí pé orí ìwé ni bíìlì wà, £2 nítorí pé kì í ṣe báńkì ló ń yọ owó náà fúnra rẹ̀. £5 lóṣù, £60 lọ́dún. Màámi rò pé owó orí ìjọba ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń san án.

Mo pe ilé-iṣẹ́ fóònù náà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní kí Màámi forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí direct debit, ìyẹn kí báńkì máa yọ owó bíìlì fúnra rẹ̀, owó méjèèjì á kúrò. Mo ní wọn ò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n bá wọn ṣe é. Mo sọ pé wọn ò tiẹ̀ ní àkáǹtì tó lè gba direct debit. Kò rí èsì fọ̀.

Inú Post Office card account ni owó ìfẹ̀yìntì Màámi ń wọ̀ nígbà náà. Owó tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ẹ ó sì lọ gbà á ní káńtà. Kò ṣeé fi ṣe direct debit rárá. Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò lo báńkì. Wọ́n ti lò ó rí. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ yọ £17, owó tó wà ńlẹ̀ ò tó o, ni báńkì bá bu ìtanràn £35 lé wọn lórí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n búra: "Owó mi ò ní í jáde mọ́ láìgba ọwọ́ mi kọjá." Ṣé àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi?

Ní 2022, ìjọba ní òun ò ní san owó sínú àkáǹtì ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn mọ́ tó bá ti parí oṣù kọkànlá. Bá a ṣe gba báńkì lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ béèrè ìwé ìrìnnà, ó tún béèrè ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì wà lórí rẹ̀. Ó ní òun ò gba èyí tá a bá tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì o, ojúlówó tó wá nínú àpò lẹ́tà lòun fẹ́. Màámi ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ bíìlì fóònù jáde, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì títí ó fi nà. Òun náà ni o, ìwé tí wọ́n ń gba £3 lé lórí. Omi lé sí mi lójú.

Ìyá Ìbejì (ẹ̀bá Ṣakí)

Ẹ bá wa kí Màámi o. Èmi wà ní apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń ta káàdì ìpè lábúlé, ₦120 ni mò ń ta ti ₦100. Ẹ má bú mi. Ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ-bọ̀ kí n tó rí i rà nígboro. Ẹni tó ní áàpù báńkì lórí fóònù ńlá, ₦100 rẹ̀ á wọlé pé. Ẹni tó ní báńkì àmọ́ tó jẹ́ fóònù tọ́ọ̀ṣì ló ń tẹ̀, láti oṣù kẹfà 2025 inú owó ìpè rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì-méjì tó bá fi wà lórí kóòdù báńkì tó ń tẹ̀ láti ra owó ìpè. Bàbá oníṣu tí kò ní báńkì rárá, òun ló ń fún mi ní ₦20. Èmi ni mo máa ń bá wọn ha káàdì náà, kí n tún bá wọn tẹ̀ ẹ́, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ojú máa ń tì mí bí mo bá ń gbà á. Bí mi ò bá sì gbà á, mi ò ní lè lọ ra òmíràn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Manchester)

Ẹ̀gbọ́n, ojú Bàbá mi ti bàjẹ́, gilọkóómà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pe ilé-iṣẹ́ tiwọn lórí owó ìwé yìí kí ẹnì kan tó jẹ́wọ́ pé òfin Ofcom, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù níbí, wà: ẹni tí àìlera bá mú kó nílò bíìlì ní lẹ́tà gàdàgbà tàbí ní bírélì, ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè o! Wọn ò ní í fi lọ̀ yín.

Àbíkẹ́yìn (London)

Ẹ ṣeun gan-an. Màámi náà ti ń sọ pé kùrukùru bo ojú òun, màá pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la. £2 ìjọ̀sí ṣì wà ńbẹ̀ o, wọ́n ti ní báńkì báyìí àmọ́ wọn ò gbà fún direct debit, mi ò sì ní í fipá mú wọn.

Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó máa bú yín níbí.

Lẹ́tà míì ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wáyà fóònù àtijọ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní 2027, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ilé yóò máa gbà. Màámi ti já a kí n tó dé. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní: "Gba awò mi yìí. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á."